Bẹ́ ẹ ṣe máa wo Viridiana kó lè yé yín: ẹ tẹ̀lé okùn yẹn

Okùn kan wà nínú fíìmù Viridiana, okùn táwọn ọmọdé fi ń fò, igi kékeré wà lórí ẹ̀ méjèèjì níbi tí ọwọ́ ti ń dì í mú, òun gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó bá gbọ́ orúkọ fíìmù yìí, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ ni ti àwọn alágbe tó jókòó sídìí tábìlì bíi Jésù àtàwọn àpọ́sítélì, pé ìwé ìròyìn Vatican bú u, pé wọ́n fòfin dè é ní Spéìn, òótọ́ sì ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà yẹn lẹ gbà wọlé, ṣe lẹ máa jókòó tẹ́ ẹ ó máa retí ibi tí wọ́n ti fẹ́ tàbùkù Ọlọ́run, ẹ ò sì ní rí Viridiana, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, rárá. Bí èmi náà ṣe ṣe é nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Nígbà tí mo dé ibi àsè àwọn alágbe, inú bí mi, mo pa á, mo ní mi ò wo irú ẹ̀ mọ́. Ó tó ọdún kan kí n tó padà sídìí ẹ̀, ìgbà yẹn ni mo wá ṣàkíyèsí pé okùn kan náà ló ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ òmíì, àtìgbà yẹn ni fíìmù yìí ò ti kúrò lọ́kàn mi.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó rọrùn bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1961 ni fíìmù yìí jáde, dúdú àti funfun ni, kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 lọ, nítorí náà ẹ má pín in sí méjì, ẹ má wò ó díẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ tún wo ìyókù lọ́la. Ẹ wò ó ní èdè Spéìn tó wà, kẹ́ ẹ máa ka subtitle nísàlẹ̀, ẹ má wo èyí tí wọ́n ti fi ohùn ẹlòmíì bò, torí ohùn Fernando Rey tó ṣe Don Jaime, ìyẹn nìkan tó ìdajì iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀, ohùn tútù bàbá àgbà tó kàwé, tó ń sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Tí tẹlifíṣọ̀n bá wà ẹ lò ó, ẹ fi fóònù sílẹ̀, ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ni olùdarí fíìmù yìí máa ń gbé kámẹ́rà sí, àwọn nǹkan kéékèèké ló sì fi ń sọ̀rọ̀, lórí fóònù wọ́n máa ń sọnù.

Ẹ má wò ó pẹ̀lú ọmọdé. Ẹni kan pokùn so nínú ẹ̀, ìgbà méjì ni wọ́n sì fẹ́ fipá bá obìnrin lò, lóòótọ́ wọn ò fi ìhòòhò hàn, àmọ́ ó wúwo lọ́kàn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ wá wò ó, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, torí ẹ ò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nílé oníkálukú.

Kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, nǹkan díẹ̀ wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Luis Buñuel tó darí ẹ̀, ìlú Calanda ní agbègbè Aragón ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1900, ọ̀dọ̀ àwọn Jesuit, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì kan, ní Zaragoza ló ti kàwé, ó mọ Máàsì, ó mọ àdúrà, ó mọ orin ìjọ lámọ̀dunjú kó tó di pé kò gbàgbọ́ mọ́. Ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ẹni tó bá ta ko ohun tí kò mọ̀, kíá lèèyàn máa ń mọ̀, àmọ́ nínú fíìmù yìí gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rí, àgbélébùú o, adé ẹ̀gún o, eérú o, ẹni tó dàgbà sínú ẹ̀ ló gbé e síbẹ̀. Ogun abẹ́lé ló lé e kúrò ní Spéìn, ó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ó sì di ọmọ orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Ìgbà tí Franco, apàṣẹwàá Spéìn, ṣì ń ṣèjọba ló padà wálé wá ṣe fíìmù yìí, nígbà tí ìjọba àti ìjọ Kátólíìkì jọ wà nínú ìdè kan náà, tí ìgbìmọ̀ kan sì máa ń ka ìtàn fíìmù kí wọ́n tó gbà kí wọ́n yà á. Owó tí wọ́n fi ṣe é, ti Mẹ́síkò àti ti Spéìn ló pàdé. Silvia Pinal tó ṣe Viridiana, ọmọ Mẹ́síkò ni, ọkọ ẹ̀ nígbà yẹn, Gustavo Alatriste, wà lára àwọn tó náwó sí i.

Ó tán, ẹ tẹ̀ ẹ́. Látibí lọ mo máa sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ mọ̀ tẹ́lẹ̀ kó lọ wò ó ná, kó wá padà.

Viridiana ń kọ́ṣẹ́ sísítà ní kónfẹ́ǹtì, ó kù díẹ̀ kó jẹ́jẹ̀ẹ́ ìkẹyìn, Ìyá Àgbà, sísítà tó jẹ́ olórí kónfẹ́ǹtì, wá ní kó lọ kí ọkọ àǹtí ẹ̀, Don Jaime, tó ń sanwó ilé ìwé ẹ̀. Kò fẹ́ lọ. Ó lọ ṣá. Àǹtí yẹn ti kú tipẹ́, alẹ́ ìgbéyàwó gan-an ló kú, pẹ̀lú aṣọ ìyàwó lọ́rùn ẹ̀, bàbá yìí sì ti ń gbé nínú ilé ńlá yẹn bí ẹni tí aago ẹ̀ dúró, ilẹ̀ oko ẹ̀ ti di igbó, iná mànàmáná ò sí. Aṣọ ìyàwó yẹn ṣì wà nínú àpótí. Lálẹ́ ó máa ń gbé bàtà obìnrin yẹn jáde, ó máa ń gbìyànjú láti ki ẹsẹ̀ tiẹ̀ bọ̀ ọ́. Viridiana wá jọ àǹtí ẹ̀ bí ìmumu.

Rita, ọmọ Ramona tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé yẹn, òun ló ń fo okùn. Don Jaime ló fún un lókùn yẹn. Ẹ wo bó ṣe dúró tó ń wo ọmọ náà. Ibí lẹ ti máa kọ́kọ́ dì í mú.

Ní ìdajì àkọ́kọ́ yìí ẹ má yára ṣèdájọ́ Don Jaime, ìdí ni pé olùdarí yìí ò fún yín láyè láti kórìíra ẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ wo ibi tó ti ń bá Viridiana sọ̀rọ̀ nípa ọmọ tó bí síta tí kò tọ́jú, kòkòrò oyin kan bọ́ sínú omi, ó mú igi ó fi yọ ọ́ kó má bàa kú. Ẹni tó ń gba oyin là ló pa ọmọ tiẹ̀ tì o. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, wọ́n kàn fi hàn yín wọ́n sì kọjá lọ. Viridiana náà ńkọ́? Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ní kó fún wàrà màlúù, bó ṣe ń na ọwọ́ tó tún ń fà á padà, ẹni tó ń sun orí pákó, tó gbé àgbélébùú àti adé ẹ̀gún àti ìṣó àti òòlù sínú báàgì wá, kò lè fọwọ́ kan ọmú màlúù. Ẹ wo alẹ́ tó ń rìn lójú oorun, tó kó eérú láti ibi iná tó lọ dà á sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá yẹn, tó sì ní láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé eérú túmọ̀ sí ìrònúpìwàdà àti ikú.

Ní alẹ́ tó gbẹ̀yìn kó padà sí kónfẹ́ǹtì, bàbá yìí bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun wọ aṣọ ìyàwó yẹn, ó wọ̀ ọ́, bàbá ní kó fẹ́ òun, Viridiana ní rárá, wọ́n wá fi oògùn sínú ohun tó ń mu. Bàbá gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dá ara ẹ̀ dúró. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló wá parọ́ fún un pé òun ti bá a sùn kó má bàa lè padà sí kónfẹ́ǹtì, nígbà tó rí ojú ẹ̀ ó tún ní irọ́ lòun pa. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ti jáde, ẹyin ni ọ̀rọ̀. Ó lọ. Bàbá jókòó, ó ń kọ ìwé ìhágún, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ibùdókọ̀ ni àwọn agbófinró ti wá pe Viridiana padà, ó dé ilé, bàbá ti pokùn so sórí igi. Okùn wo? Okùn Rita ni.

Ẹ dá fíìmù dúró níbí. Mo mọ̀ pé mo ní kẹ́ ẹ má pín in, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni mo ní kẹ́ ẹ fún un. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan: kí ló dé tí Viridiana ò padà sí kónfẹ́ǹtì mọ́? Kò dẹ́ṣẹ̀ kankan, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án débi tí wọ́n fi máa lé e. Ìyá Àgbà fúnra ẹ̀ wá bá a, Viridiana sì sọ fún un pé òun máa gba ọ̀nà tòun. Èmi rò pé ó ti gbà lọ́kàn ẹ̀ pé òun ló jẹ gbèsè ikú yẹn, pé gbogbo àánú tó fẹ́ fi gba ara ẹ̀ là látìgbà yẹn lọ, orí gbèsè yẹn ló kọ́ ọ lé. Ẹ lè má gbà pẹ̀lú mi, àmọ́ ẹ ti ní èrò kan lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó máa bá a lọ. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ ẹ́ padà, ẹ sì wo Rita, ó ti padà sábẹ́ igi yẹn, ó tún ń fo okùn.

Ìdajì kejì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò ti ní sùúrù. Jorge, ọmọ tí bàbá bí síta, dé, wọ́n jọ jogún ilé ni òun àti Viridiana. Jorge fẹ́ fa iná mànàmáná, ó fẹ́ kí ilẹ̀ máa so. Viridiana lọ sí abúlé, ó kó àwọn alágbe wá, afọ́jú, arọ, adẹ́tẹ̀, aboyún, ó fún wọn lóúnjẹ, ó fún wọn níbùsùn, ó ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ kí wọ́n sì máa gbàdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ ojú wọn kọ̀ọ̀kan. Don Amalio ni afọ́jú, Enedina ni obìnrin tó ń dáná. Tẹ́ ẹ bá kàn ń pè wọ́n ní "àwọn alágbe", àsè yẹn ò ní dùn yín. Ẹ wo bí àwọn náà ṣe ń lé adẹ́tẹ̀ láàárín ara wọn, wọn ò fẹ́ kó sún mọ́ àwọn, tálákà ní tálákà tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ tèmi, ibẹ̀ ni olódodo jù nínú gbogbo fíìmù yìí, torí ọ̀pọ̀ fíìmù ìsìn tí mo ti wò, tálákà inú wọn máa ń jẹ́ áńgẹ́lì tó wọ àkísà.

Ibì kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ tún wò ní ẹ̀ẹ̀mejì, ibi àdúrà Angelus. Viridiana àtàwọn alágbe kúnlẹ̀ láàárín igi, ó ń gbà á ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ṣe ni wọ́n ń gé e pẹ̀lú iṣẹ́ táwọn òṣìṣẹ́ Jorge ń ṣe, gbólóhùn kan, sìmẹ́ǹtì á balẹ̀ pàà, gbólóhùn kan, pákó á já lulẹ̀, gbólóhùn kan, òkúta. Nígbà àkọ́kọ́ ẹ wò ó báyìí. Lẹ́ẹ̀kejì ẹ di ojú yín kẹ́ ẹ kàn gbọ́ ọ. Àwọn kan á ní ṣe ló ń fi hàn pé iṣẹ́ lérè ju àdúrà lọ. Mi ò gbà. Ohùn méjèèjì ń dún sínú ara wọn ni, kò sì sí èyí tó gbọ́ ìkejì. Ohun tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni ajá.

Ajá wo? Jorge rí kẹ̀kẹ́ ẹrù kan lọ́nà, wọ́n so ajá mọ́ abẹ́ ẹ̀, ó ń sáré kó má bàa kú. Àánú ṣe é, ó rà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó mú un lọ. Bó ṣe kọ ẹ̀yìn báyìí, kẹ̀kẹ́ mìíì ń bọ̀ láti òdìkejì, ajá mìíì wà lábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn. Jorge ò rí i. Ẹ̀yin lẹ rí i. Tó bá jẹ́ Viridiana nìkan ni fíìmù yìí fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò ní fi ajá yẹn sí ọwọ́ Jorge, ẹni tó gbọ́n, ẹni ayé òde òní. Àánú tiẹ̀ náà ò kọjá ajá kan.

Ó wá ku àsè. Àwọn onílé lọ sí ìlú, àwọn alágbe ní kí àwọn kàn wo inú ilé ńlá yẹn, wọ́n wò ó, wọ́n ta aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n pa ọ̀dọ́ àgùntàn, wọ́n gbé wáìnì jáde. Ẹ jẹ́ kó máa lọ o, ẹ má dá a dúró bíi tèmi. Ẹ máa wo aṣọ tábìlì yẹn, bó ṣe mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti bó ṣe dà níkẹyìn. Enedina ní òun fẹ́ ya wọ́n ní fọ́tò, gbogbo wọn sáré wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan tábìlì, afọ́jú wà láàárín, wọ́n dúró gbagidi, ìyẹn ni àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí Leonardo da Vinci yà sára ògiri ní Milan, ó wà lójú yín fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó sì ti lọ. Obìnrin yẹn ò ní kámẹ́rà, ṣe ló ká yẹ̀rì ẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi rẹ́kọ́ọ̀dù sórí gramafóònù, Halelúyà ti Handel, adẹ́tẹ̀ gbé fẹ́ẹ̀lì ìyàwó yẹn borí, ó ń jó. Fẹ́ẹ̀lì àǹtí ni o, tí bàbá tọ́jú sínú àpótí láti ọdún mélòó.

Mo jẹ́ onígbàgbọ́, mi ò ní purọ́ fún yín, ó ṣì máa ń ká mi lára. Àmọ́ ẹ wò ó, àwọn tó jókòó yẹn, ta ló pè wọ́n wá sídìí tábìlì rí? Wọ́n fún wọn lóúnjẹ, òótọ́ ni, ní ilé ẹ̀gbẹ́, tí agogo ń pè wọ́n. Ẹ gbé ìbéèrè yẹn dání bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó, ẹ má sì jẹ́ kó fọ́ yín lójú sí ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà.

Torí okùn ń bọ̀. Àwọn onílé dé láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n lu Jorge lulẹ̀ wọ́n sì so ó, ọ̀kan nínú àwọn tí Viridiana tọ́jú wá dì í mú, ó fẹ́ fipá bá a lò. Ọkùnrin yẹn fi okùn kan gba ìbàdí. Kámẹ́rà sún mọ́ ọwọ́ Viridiana, ọwọ́ ẹ̀ wá nǹkan dì mú, ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni igi kékeré orí okùn yẹn, ti Rita, ti Don Jaime. Tẹ́ ẹ bá ti ń tẹ̀lé e bọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe wí, kò sí ohun tí mo tún fẹ́ ṣàlàyé níbí. Jorge fi owó tan adẹ́tẹ̀, adẹ́tẹ̀ lu ẹni yẹn pa, bí wọ́n ṣe gba Viridiana sílẹ̀ nìyẹn, owó ló gbà á.

Ní ti ìparí, ìtàn kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá wò ó, kì í ṣe ṣáájú. Bí Buñuel ṣe kọ́kọ́ kọ ọ́, Viridiana kan ilẹ̀kùn Jorge, ó wọlé, ilẹ̀kùn sì tì. Ìgbìmọ̀ tó ń yẹ fíìmù wò ní rárá. Ó bá kọ òmíì: Viridiana wọlé, ó bá Ramona níbẹ̀ pẹ̀lú Jorge, orin ijó ń dún nínú gramafóònù, Jorge fà á jókòó, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í ta káàdì, kámẹ́rà ń fà sẹ́yìn. Ìyẹn ni ìgbìmọ̀ gbà. Buñuel fúnra ẹ̀ sọ pé ìkejì yìí dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ máa wo ojú Silvia Pinal níbẹ̀, irun ẹ̀ ti tú sílẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ń gba káàdì, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Níta ìyẹn, wọ́n ti ju adé ẹ̀gún ẹ̀ sínú iná.

Ìgbà yìí lẹ tó lè wá sọ ti ariwo. Níbi àjọ̀dún fíìmù tí wọ́n ń ṣe ní Cannes nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1961, ó gba Palme d'Or, ẹ̀bùn tó ga jù níbẹ̀, òun àti fíìmù Faransé kan ni wọ́n jọ pín in, ọ̀gá ilé iṣẹ́ ìjọba Spéìn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fíìmù, José Muñoz Fontán, ló lọ gba ẹ̀bùn yẹn pẹ̀lú ìdùnnú. L'Osservatore Romano, ìwé ìròyìn Vatican, kọ̀wé bú fíìmù náà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá yìí, wọ́n fòfin dè é, àwọn ará Spéìn ò sì rí i wò nílùú wọn títí di 1977, ọdún méjì lẹ́yìn ikú Franco. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ má tíì pa á. Ẹ padà sí ibi tí Rita ti kọ́kọ́ ń fo okùn, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú kan péré. Kámẹ́rà ò kọ́kọ́ fi ojú ọmọ náà hàn yín, ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ló fi hàn, tó ń fò, tó ń balẹ̀, okùn ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá.